Ṣé ká gé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé? Ìdáhùn fún Ìyá Bọ́sẹ̀ lórí ooru ìlú Àkúrẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni ilé wa wà. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí wọ́n sọ Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òndó ní 1976. Láyé ìgbà yẹn, bí ọyẹ́ bá dé, aṣọ méjì-méjì la ń dà bora. Ní báyìí, nínú oṣù Kejìlá gan-an, fáànù là ń tàn sùn, bí iná bá sì lọ, ìta là ń gbé ẹní lọ. Àbúrò mi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì FUTA ní ọ̀dọ̀ àwọn ṣì ń tutù lálẹ́. Ṣé ìyípadà ojú ọjọ́ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò ló fà á ni, àbí ìlú wa ló dédé gbóná? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé Bàbá Bọ́sẹ̀ fẹ́ gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, kí wọ́n sì da íńtálọ́ọ̀kì sí gbogbo àgbàlá. Wọ́n ní ewé ti pọ̀ jù." Ìyá Bọ́sẹ̀, Àkúrẹ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ìfaradà ooru. Méjèèjì ni, mà: ayé ń gbóná, ìlú náà sì ń gbóná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lé yín gbé ẹní jáde lóru ọyẹ́, ọwọ́ ìlú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Bọ́sẹ̀ kí wọ́n gbé àáké sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ kì í ṣe ìfọ́nnu. Láti oṣù Kẹwàá 2008 títí di oṣù Kẹsàn-án 2009, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní FUTA gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sí àdúgbò Ọjà Ọba, wọ́n gbé òmíràn sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì ń ka méjèèjì pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, Ọjà Ọba fi nǹkan bíi dígírì 4 gbóná ju ẹ̀yìn ìlú lọ. Nígbà òjò, ìyàtọ̀ náà wà, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ìlú kan náà nìyẹn o, alẹ́ kan náà, ibi tí ọ̀kadà ń gbé yín lọ kí ẹ tó jẹ gúgúrú tán.

Ẹ tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára láìlo ẹ̀rọ kankan. Ẹ gun ọ̀kadà ní alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ kọrí láti àárín ọjà sí ẹ̀yìn ìlú. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti fún mọ́ra, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí yín lójú á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èémí èèyàn. Bí ilé bá ti ń já, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀ kan tí koríko àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, òtútù á ṣàdédé kọ lù yín lọ́rùn, ẹ ó fa ọrùn ẹ̀wù yín pọ̀. Ẹ gòkè díẹ̀ sí ibi tí ilé tún wà, ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gun ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí òwúrọ̀, ẹ wo ìrì ní àsìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ tó sùn síta lẹ́yìn ìlú á rin gbindin, ẹni tó ni ín á wá àkísà nu gíláàsì rẹ̀. Èyí tó sùn sáàárín ìlú sábà máa ń gbẹ.

Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní erékùṣù ooru. Bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe dá dúró láàárín omi, bẹ́ẹ̀ ni ìlú gbígbóná ṣe dá dúró láàárín oko tútù. Kì í ṣe àrùn tuntun, kì í sì í ṣe àrùn Áfíríkà. Luke Howard, apòògùn kan ní London, ẹni tó fún oríṣiríṣi ìkùukùu lórúkọ tí gbogbo ayé ṣì ń pè wọ́n dòní, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ooru London àti ti ìgbèríko rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ohun tó rí jáde ní 1818. Kò sí mọ́tò nígbà náà, kò sí jẹnẹrétọ̀. Iná ààrò àti èédú ni. Síbẹ̀, lóru, ìlú fi nǹkan bíi dígírì 2 gbóná ju ìgbèríko lọ. Lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ìlú tilẹ̀ fi ìwọ̀nba bín-íntín tutù jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni kókó wà: òru ni ìlú fi ń fìyà jẹni. Bẹ́ẹ̀, òru ló yẹ kí ara fi sinmi lọ́wọ́ ooru ọ̀sán, pàápàá ara àgbàlagbà àti ti ìkókó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Ẹ rántí àwọn ìyá tó ń sá láfún sórí àpáta ní àwọn ìlú olókè wa. Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Oòrùn wà níbi gbogbo. Wọ́n mọ̀ pé àpáta a máa gba ooru mọ́ra, oòrùn á máa gbẹ láfún látòkè, àpáta á máa yan án láti ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ jókòó lé àpáta yẹn wò: á ṣì máa jó yín nídìí. Ilé búlọ́ọ̀kù, gọ́tà kọnkéré, títì ọ̀dà, íńtálọ́ọ̀kì, àpáta ni gbogbo wọn. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú, àpáta la ń tò lé orí oko, ọdọọdún la sì ń fi kún un. Lọ́sàn-án, wọ́n á mu ooru yó. Lálẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ọ́.

Ojú ọ̀run ni ìdí kejì. Ilẹ̀ gbalasa a máa tú ooru rẹ̀ sókè lóru. Nígbà ọyẹ́, kò sí ìkùukùu, afẹ́fẹ́ sì gbẹ, kò sí ohun tó lè dá ooru yẹn dúró, ìyẹn ni oko fi ń tutù kíákíá nínú oṣù Kejìlá. Láàárín ìlú ńkọ́? Ògiri ò rí ojú ọ̀run; ògiri aládùúgbò ló ń wò. Tèmi á tú ooru sára tiyín, tiyín á dá a padà sára tèmi, a ó máa ṣe é títí di àárọ̀. Nígbà òjò, ìkùukùu bo oko àti ìlú lórí bákan náà, bí aṣọ kan tí ọmọ méjì jọ dà bora, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ wọn fi kéré nígbà náà. Òtútù tí ẹ ń rántí kò kúrò ní Àkúrẹ́ tán, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹ̀yìn odi ló sá lọ.

Ìdí kẹta ló kan máńgòrò yín, òun ni mo sì fẹ́ kí Bàbá Bọ́sẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, ooru tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, a máa tó wáàtì 1,000. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ, nǹkan bíi wáàtì 1,000 náà ló ń jẹ. Bí àgbàlá yín bá jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, áyọ́ọ̀nù 100 ló ń gbóná níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo ni kí gbogbo ooru yẹn gbà? Bí ilẹ̀ bá lómi nínú, tí koríko tàbí igi wà lórí rẹ̀, omi ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Kí lítà omi kan tó gbẹ dà nù sínú afẹ́fẹ́, ó ní láti gbé ooru tí áyọ́ọ̀nù kan ń tú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 dání lọ. Igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ ti dé ibi omi lè fa ju lítà 100 lọ lójúmọ́, kó sì mí i jáde gba ojú ewé. Ẹ fi 40 lọ́nà 100, kí ẹ pín in sí wákàtí: ó ju wákàtí 66 tí áyọ́ọ̀nù kan fi ń gbóná láìdáwọ́ dúró lọ. Ọjọ́ kan péré nìyẹn o, ẹ ò sì san kọ́bọ̀ owó iná.

Bí ẹ bá wá da íńtálọ́ọ̀kì lé ilẹ̀ yẹn, omi ò wọlẹ̀ dáadáa mọ́, omi ò jáde. Ooru ò ríbi gbà, inú òkúta ló ń wọ̀, ẹ̀yin ló sì ń padà bá ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí jẹ̀bi rí. Ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́, kọnkéré ni mo dà yí i ká torí ẹrẹ̀. Kò sí ibi tí koríko lè gbà yọjú. Nígbà tí oṣù Kẹta dé, ìyàwó mi ò lè jókòó sẹ́yìnkùlé lálẹ́. Bí ẹ bá fẹ̀yìn ti ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó rò pé ẹ̀gbẹ́ ààrò lẹ wà. Olùkọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni mí nígbà náà o! A san owó da kọnkéré, a tún san owó fọ́ ìdajì rẹ̀, a wá gbin ọsàn àti ìbẹ́pẹ.

Àwọn kan ń di gbogbo ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í pa ooru. Ó ń kó o ní yàrá ọ̀gá, ó ń dà á sójú fèrèsé aládùúgbò, ó sì ń fi ooru iná tirẹ̀ kún un. Jẹnẹrétọ̀ burú jùyẹn: èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí a rọ sí i ló ń di ooru lásán. Ní àdúgbò tí wọ́n ti tò wọ́n ní èjìká-sí-èjìká, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ní ìlú bíi Àkúrẹ́, ilẹ̀ àti òrùlé ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Òrùlé yìí, a ò kà á sí tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntóyìnbó ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1970, níbi tó ti wọn bí igbó, oko àti ojú ilẹ̀ ìgboro ní Nàìjíríà ṣe ń dá ìtànṣán oòrùn padà sí òkè. Ohun tí a dá padà kò ní wọlé, ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Ohun funfun ń dá púpọ̀ padà, ohun dúdú àti ohun tó dógùn-ún ń gbé e mì. Páànù tó ti pọ́n lórí ilé tí kò ní sílíìnì, ìkòkò orí iná ni, ẹ̀yin lẹ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé ilé àtijọ́ ò gba ooru. Ògiri amọ̀ tó ki dáadáa ń gbà á. Orí ilé ni wọ́n fi jù wá lọ, torí koríko kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Títí dòní, Ọ̀yọ́ ò gbàgbé ọdún Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbé koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ lọ fún Aláàfin, koríko tí wọ́n fi ń bo ààfin. Agbo-ilé sì ní àgbàlá tó la ojú sí ọ̀run láàárín, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde lálẹ́. Kò sẹ́ni tó máa padà sí orí koríko, iná kan á sì jó àdúgbò tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé páànù wọlé, a sọ iṣẹ́ tí koríko ń ṣe nù, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ti ayé lápapọ̀ wá ńkọ́? Láàárín 2011 sí 2020, ayé fi nǹkan bíi dígírì 1.1 gbóná ju bó ṣe rí láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ẹ má kàn fi í wé 4 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ ní kékeré ni. 1.1 yẹn jẹ́ ìpíndọ́gba òkun àti ilẹ̀, tọ̀sán-tòru, kárí ayé, ó sì lágbára tó láti da òjò àti ìkórè rú. 4 jẹ́ ti àdúgbò kan, ní wákàtí alẹ́, lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrù méjì ni wọ́n gbé lé yín lórí. Ọ̀kan wà níbi tí ọwọ́ yín ò tó. Èkejì, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé yín.

Nǹkan kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé. Ọmọ yín á fi fóònù hàn yín pé dígírì 33 ni, ẹ̀yin á ní irọ́ ni, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Bí wọ́n ṣe ń wọn èyí tí wọ́n ń kéde ni pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ sínú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, lórí koríko, ní gíga tó tó àyà èèyàn, níbi tí oòrùn ò ti lè kàn án. Ẹ ò gbé inú àpótí funfun. Abẹ́ páànù lẹ wà.

Ooru nìkan kọ́ ni ìlú ń yí padà. Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, láàárín 1971 sí 1975, àwọn onímọ̀ fi bàálù àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn òjò ṣèwádìí, wọ́n sì rí i pé òjò ìgbà ooru ń pọ̀ sí i ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ìlú ń fẹ́ lọ. Nílé níbí, ohun tí gbogbo wa fojú rí ni ilẹ̀ tí kò mu omi mọ́. Ìbàdàn ò gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń kọjá lórí odò Àlà mọ bó ṣe ń rí lẹ́yìn òjò wákàtí kan. Íńtálọ́ọ̀kì tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù náà ni kò jẹ́ kí omi wọlẹ̀.

Ó yá, máńgòrò. Apá ibo ilé ló wà? Bó bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ dì í mú bí ọmọ tuntun, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń gbóná ògiri tí ẹ máa sùn tì. Bó bá wà ní ìlà-oòrùn, ó ṣì wúlò, àmọ́ kò ní ran òru yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má retí pé tẹmómítà á já wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ń rìn, bó bá fi dígírì kan tàbí méjì dín, ó gbìyànjú. Ohun tó ń ṣe ni pé oòrùn ò kàn yín lára, ilẹ̀ tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ò jó, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ò mu ooru, ara sì ń mọ gbogbo ìyẹn. Àwọn bàbá wa tó gbin odán sójú ọjà àti síwájú ààfin ò ní tẹmómítà. Mi ò sì ní parọ́ fún yín pé igi kan ṣoṣo á tu Àkúrẹ́ lára. Ilé yín ló máa tù. Kí afẹ́fẹ́ àdúgbò tó yàtọ̀, ó di kí gbogbo òpópónà ní tiwọn.

Ewé tí Bàbá Bọ́sẹ̀ ń sọ, wọn ò jayò pa, ewé máńgòrò ń gbọn dànù lóòótọ́. Ẹ kó o jọ sí ìdí igi fúnra rẹ̀, á di ajílẹ̀, á sì jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ rin. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ kan páànù, kí wọ́n gé e kí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó dé. Bí gbòǹgbò bá ti ń wọ ṣọkawé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ kó wò ó. Ní ti íńtálọ́ọ̀kì, ẹ dà á sí ojú ọ̀nà tí táyà ọkọ̀ ń gbà àti ibi tí ẹ ti ń wọlé. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún koríko. Ilẹ̀ lásán tí ẹ ń gbá láràárọ̀ pàápàá sàn jù ú lọ, ó ń mí.

Owó tó bá ṣẹ́kù, orí ilé ni kó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ páànù mọ́, kí wọ́n kùn ún ní funfun. Ahmedabad ní Íńdíà, ìlú tí ooru ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní 2010, bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn aláìní ní funfun ní 2017. Ẹ fi sílíìnì sí yàrá tí kò ní, kí káfíńtà sì dá ihò atẹ́gùn sí orí ògiri lábẹ́ òrùlé níhà méjèèjì, kí ooru tó há sábẹ́ páànù lè ríbi jáde.

Ti ọjà, ẹ bá mi fi tó àwọn ìyálọ́jà yín létí. Ní 2021, Freetown ní Sàró (Sierra Leone), ìlú tí ọ̀pọ̀ bàbá ńlá wọn jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá, yan Eugenia Kargbo ṣe olórí ọ̀rọ̀ ooru fún ìlú náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Áfíríkà. Ara ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ta ìbòrí sórí àwọn ọjà gbangba kí oòrùn má bàa máa jó àwọn ìyá àti tòmátò wọn pọ̀. Ọjà Ọba lè béèrè irú rẹ̀.

Kí ẹ tó dáhùn sí ọ̀rọ̀ àáké, ẹ ra tẹmómítà méjì tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn sójú kan náà láti rí i pé wọ́n ń sọ nǹkan kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ so ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ẹ gbé ìkejì síwájú ilé aládùúgbò tó ti da íńtálọ́ọ̀kì. Ẹ kà wọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá Bọ́sẹ̀ ni kó máa kà á o, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí mi.